Pijó Tó Wà Lábẹ́ Igi Máńgòrò: Ṣé Ó Ṣì Lè Rìn?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò àtijọ́ kan ní Ìkòròdú tẹ́ ẹ máa wọ̀ tẹ́ ẹ ò ní rí ọ̀kan: Peugeot 504 tàbí Volkswagen Ìjàpá tí táyà rẹ̀ ti rì sínú ilẹ̀, tí adìyẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀kan wà ní àgbàlá bàbá wa àgbà ní Ìgbógbó. Lóṣù tó kọjá, àwọn tó ń ra kòndẹ́ẹ̀mù dé, wọ́n ní àwọn á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ilé pín sí méjì. Àwọn ọmọ ní àyè lásán ló ń gbà. Ìyá àgbà ní ọkọ̀ tó gbé òun lọ bímọ kì í ṣe irin àlòkù. Bí wọ́n bá gé e, ìléru àwọn ilé iṣẹ́ irin lápá Odógunyàn ló ń lọ. Ni wọ́n bá ní kí n wá wò ó.

Ọdún 1968 ni 504 jáde ní Faransé. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó jọ ní Kàdúná; ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ọjọ́, l'Ékòó. Wọ́n dá a dúró ní Yúróòpù ní 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ṣì ń ṣe é lẹ́yìn ọdún 2000. Ìdí nìyẹn táwọn mẹkáníìkì àgbà fi mọ̀ ọ́n dunjú.

Kí ló wá ń pa ọkọ̀ tó dúró sójú kan? Ìpẹtà ni. Bí irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá pàdé, iná mànàmáná tín-ín-tín á máa sáré lára irin náà, irin á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ ń mú kó yára sí i, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń gbé díẹ̀ wá. Ìpẹtà tún máa ń wú: àyè tó ń gbà ju ìlọ́po méjì ti irin tó jẹ lọ. Bó ṣe ń wú ló ń ṣí ọ̀dà kúrò, omi á tún rọ́nà wọlé. Àmọ́ èmi ò dá ọ̀sà lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Ewé máńgòrò ló burú jù. Ó ń dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ gíláàsì iwájú, á wá dà bí aṣọ tútù tí wọn ò sá.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣí. Àṣìṣe ni. Ẹ́ńjìnì ṣeé pààrọ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bọ́dì Ìjàpá ṣeé tú kúrò lórí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n 504 ò ní ṣásì ọ̀tọ̀, bọ́dì fúnra rẹ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù. Mo mú sukudíráfà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń gún un káàkiri. Níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ó wọlé bí ẹni gún àkàrà. Ṣùgbọ́n àwọn irin gbọọrọ tó ru ẹ́ńjìnì, àti ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn so mọ́, dún kán-kán. Ìyẹn ló gbà á là. Wẹ́dà lè gé ibi tó jẹrà, kó fi irin tuntun jó o. Kí panẹ́bítà má ṣáà fi pọ́tì bò ó o: abẹ́ pọ́tì ni ìpẹtà ti ń jẹun ní ìrọ̀rùn.

Ní ti ẹ́ńjìnì, ẹ má ì fi bátìrì sí i. Písítìnì lè ti lẹ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀. A tú púlọ́ọ̀gì, a da ọ́ìlì tá a pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì sí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi sílẹ̀. Bẹntiróòlù tó wà nínú táǹkì ti di nǹkan bí oje igi, ó ti dí kábúrétọ̀. Rọ́bà búréèkì, kí ẹ dà á nù ni, ẹ má bá a ṣeré.

Àwọn irin kéékèèké, a rẹ wọ́n sínú omi sódà ìfọṣọ, ọmọ ìyá káún tá a fi ń se ewédú, a sì fi ẹ̀rọ tó ń gba bátìrì lágbára ran iná sí i: okùn òdì sára irin tó dípẹtà, okùn kejì sára irin àlòkù. Kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà o, májèlé ló ń tú sómi. Ìta gbangba sì ni, torí gáàsì tó ń hó jáde lè gbiná.

Ọjọ́ kẹfà, a fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì, ó yí. Kò tíì dún o, ó kàn yí ni. Ìyá àgbà bu omi fún wa mu, ó ní ká kọ́kọ́ wá ibòmíì fún adìyẹ òun.