Ándù Gíga, Wáyà Kúkurú

Bí ẹ̀yìn bá ń ro ọlọ́kadà, tí ìnàró rẹ̀ sì di ìṣòro, ándù gíga ló sábà máa ń rà. Kì í pẹ́ kí mẹkáníìkì tó tú ti tẹ́lẹ̀, kó sì de tuntun mọ́ ọn. Mo ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Bí a ṣe fẹ́ ṣẹ́rí padà, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, a sì já sí gọ́tà. Awakọ̀ kò yí tọ́rótù rárá. Wáyà tọ́rótù ni kò gùn tó. Bí ándù ṣe yí ló fà á, tọ́rótù sì ṣí fúnra rẹ̀.

Wáyà yìí kì í ṣe okùn lásán. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló wà nínú, akọ̀ sì bò ó bí akọ̀ ṣe ń bo idà. Irin tí wọ́n ká bíi sípíríǹgì ni akọ̀ náà, wọ́n wá fi rọ́bà bò ó. Bí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, irin inú á sún, akọ̀ á dúró gbọin, kò ní fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi lè ya kọ́rọ̀, kó yípo, síbẹ̀ kó fa ohun tó wà lópin.

Nítorí náà, gígùn tí irin inú fi ju akọ̀ lọ lẹ gbọ́dọ̀ wò, ju gbogbo nǹkan lọ. Ká ní irin inú jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà, tí akọ̀ sì jẹ́ 88: 12 ló yọ síta. Bí ẹ bá nílò 10 sí i, 110 àti 98 lẹ ó rà, kí 12 yẹn má yẹ̀. Bó bá dín, wáyà á máa fa kílọ́ọ̀ṣì láìsí ẹni tó dì í mú, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á sì jó. Bó bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní tú tán, jíà á máa há. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tún un ṣe kò lè borí ju ìyàtọ̀ kékeré lọ.

Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ de ándù tuntun, kí ẹ wá fi okùn tọ ọ̀nà tí wáyà máa gbà, láti ọwọ́ dé ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí ándù sósì pátápátá, ẹ yí i sọ́tùn-ún. Ibi tí okùn ti gùn jù ni kí ẹ mú. Ẹ má sì ra èyí tó gùn kọjá bẹ́ẹ̀, torí gbogbo kọ́rọ̀ tí wáyà bá yà ló ń mú kó le láti fà. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi orí rẹ̀ méjèèjì wé tuntun.

Àwọn kan máa ń so wáyà pọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, pàápàá ti tọ́rótù: bí kókó bá há sínú akọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní rẹlẹ̀ mọ́.

Bíréèkì iwájú tó ń lo wáyà kò yàtọ̀. Èyí tó ń lo ọ́ìlì, họ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ rántí wáyà iná náà, torí òun náà lè kúrú.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìfi sí jíà. Ẹ rọra yí ándù láti òsì dé ọ̀tún, kí ẹ máa tẹ́tí. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè níbì kankan, wáyà ń fà níbẹ̀: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún ọ̀nà wáyà ṣe.