Bí Ewé Ṣe Ń Wá Oúnjẹ ní Oko-Akarè

Oko-Akarè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn kéékèèké mẹ́fà tó para pọ̀ di kọmúùnù Adja-Ouèrè, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àgbàdo, gbágùúdá àti ọ̀pẹ ni iṣẹ́ oko ibẹ̀. Bí a bá bi àgbẹ̀ léèrè ohun tí irúgbìn ń jẹ, ilẹ̀ ni yóò nàka sí, kò sì jẹ̀bi, torí ilẹ̀ tó ti ṣá kì í mú èso gidi wá. Síbẹ̀, bíńtín ni ohun tó ti inú ilẹ̀ wọ inú àgbàdo gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ àti omi ló di ìyókù.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Jan Baptist van Helmont, ti fi òṣùwọ̀n wádìí èyí. Ó gbin igi kan sínú erùpẹ̀ gbígbẹ tó wọn nǹkan bí 90 kìló, ó sì ń bomi rin ín fún ọdún 5. Igi náà fi ohun tó lé ní 70 kìló sanra sí i. Erùpẹ̀ kò dín ju nǹkan bí 60 gíráàmù lọ. Ó ní omi nìkan ló di igi. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sì ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn rárá. Ní 1779, onímọ̀ mìíràn, Jan Ingenhousz, fi hàn pé apá aláwọ̀ ewé lára ewéko nìkan ló ń tú afẹ́fẹ́ tó dára fún mímí jáde, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà nìkan.

Ihò wínníwínní wà lára ewé. Ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù-dàíọ́ksáìdì ń gbà wọlé, irú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 4 péré nínú 10,000 ìdá afẹ́fẹ́ ayé. Gbòǹgbò ń fa omi wá. Kólórófíìlì, tó mú ewé ní àwọ̀ rẹ̀, ń gba agbára oòrùn. Agbára yìí a la omi, ọ́síjìn, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó dára fún mímí, a bọ́ síta, ewé a sì fi èyí tó kù sọ kábọ́ọ̀nù di ṣúgà. Ọ̀nà tí kábọ́ọ̀nù ń gbà di ṣúgà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Melvin Calvin tọpa rẹ̀, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1961. Ṣúgà náà ló ń di sítáàṣì nínú gbágùúdá, tó sì ń di epo lára ẹyìn.

Ilẹ̀ ní tirẹ̀ ń fúnni ní náítírójìn àti maginísíọ̀mù tí a fi ń kọ́ kólórófíìlì. Ewé àgbàdo tí kò rí náítírójìn tó a máa pọ́n láti ìsàlẹ̀.

Àgbàdo ní ọgbọ́n tí gbágùúdá kò ní: ó ń kó kábọ́ọ̀nù jọ sí àyíká iṣan ewé kó tó lò ó, nítorí náà oòrùn líle kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò púpọ̀. Àmọ́ kò fẹ́ ìbòòji. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń gbìn ín sáàárín ọ̀pẹ kéékèèké, tí ó sì ń kúrò níbẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ bá ti pàdé lókè.

Ọ̀pẹ ń ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọdún.  Ọ̀dá kì í pa ẹyìn lójú ẹsẹ̀: ó ń mú kí akọ òdòdó pọ̀ ju abo lọ, àdánù rẹ̀ sì lè má hàn títí di ọdún méjì.

Gbágùúdá ní tirẹ̀ ń wọ́ ewé dànù láti Ọ̀pẹ̀ dé Èrèlè. Bí òjò Ẹrẹ́nà bá ti rọ̀, sítáàṣì tó fi pamọ́ sí gbòǹgbò ló fi ń yọ ewé tuntun. Ẹni tó bá wú u ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, gàrí rẹ̀ yóò kéré.