Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gun Òkè Ìdànrè

Bí àsìkò ìsinmi bá ti ń súnmọ́, àwọn ọ̀dọ́, ọmọ ilé-ìwé àti ìdílé máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti gun òkè olókìkí ibẹ̀. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú tó wà nísàlẹ̀ lónìí. Ààfin ọba àtijọ́ àti ilé-ẹjọ́ wọn ṣì wà lókè náà. Láti ọdún 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun-àjogúnbá àgbáyé.

Ṣùgbọ́n òkè náà máa ń tan àlejò jẹ. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gùn, yóò sì rò pé wàhálà ti tán. Bẹ́ẹ̀, ìlú àtijọ́ ṣì wà níwájú, igbó àti àpáta ni yóò là kọjá kí ó tó débẹ̀, yóò sì tún padà wálẹ̀. Ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ ni orúnkún máa ń dunni jù, nítorí pé ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá sì ti rẹ̀ kì í pẹ́ yọ̀.

Nítorí náà, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò. Ní ọdún 1892, William Naismith, agunkè kan ní Scotland, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 tí a bá gùn sókè. Ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti ṣe ìṣirò yẹn, fún àwọn tí ara wọn le. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ fi ìdajì àkókò náà kún un, ó kéré tán. Ẹ béèrè ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń ṣí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí tí ẹ ó yí padà, bí àpẹẹrẹ aago 1 ọ̀sán, ibi yòówù tí ẹ bá dé. Abẹ́ igi máa ń ṣókùnkùn kí oòrùn tó wọ̀.

Omi ni ìkejì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ẹni tó ń gun òkè nínú ooru nílò nǹkan bí ìdajì lítà láàárín wákàtí kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi inú ọ̀rá kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50 nìyẹn. Ìrìn wákàtí 6 túmọ̀ sí ọ̀rá 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìgò kan tí ènìyàn mẹ́ta yóò máa gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ ń bá òógùn jáde lára, nítorí náà ẹ mú ẹ̀pà oníyọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Omi lásán ní àmujù, láìjẹ nǹkan kan, ní ewu tirẹ̀. Ẹ fi ọtí sílé.

Ooru lè pa ènìyàn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́, òòyì, èébì àti iṣan tó ń fà. Ẹ gbé onítọ̀hún sábẹ́ ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fún un ní omi mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn kíákíá. Ẹ má ṣe bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ máa da á sí i lára bí ẹ ti ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ni ewu yìí ti wọ́pọ̀ jù, nítorí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ pé ó ti rẹ òun. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ìrìn rẹ̀ fà jù máa ṣíwájú.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó lọ, nítorí àìtó omi lára àti làálàá lè fa ìrora líle fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn. Àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí ènìyàn tọ̀ léraléra. Kí oníkọ́ fée mú oògùn tó ń fà sẹ́nu dání. Àyà tó bá ń dunni kì í ṣe ohun tí à ń fara dà dé òkè.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, nítorí ejò àti nítorí àpáta tó ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fa oró rẹ̀ mu, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí òjò bá sì ṣú, ẹ kúrò lórí àpáta gbangba. Àrá kì í dúró de ẹni tó ń ya fọ́tò.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣètò máa ń gbàgbé, ìyẹn awakọ̀. Ẹni tó ti gun òkè láti àárọ̀ kò yẹ kó wa ọkọ̀ padà sí Èkó lóru ọjọ́ náà. Kí awakọ̀ sinmi nísàlẹ̀, tàbí kí gbogbo yín sùn sí Àkúrẹ́ di ọjọ́ kejì.