Nígbà Tí Iná Omi Ọkọ̀ Kò Bá Yé Tàn

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń ná ojú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá ni ó jẹ́ tòkunbọ̀. Wọ́n ti sin olówó wọn àkọ́kọ́ ní òkè òkun fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnu tàbí ti Èkó wọlé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dára, ó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n tọ́jú, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ àgbà tí kì í ní àìsàn tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, tí ó ń da ọ̀pọ̀ awakọ̀ láàmú, ni iná pupa tí ń ṣẹ́jú níwájú wọn láti sọ pé omi inú ẹ́ńjìnì ti dínkù. Wọ́n bu omi sí i, iná náà kú. Ní ọjọ́ kẹta ó tún tàn. Nígbà mìíràn wọn a bu omi títí yóò fi kún dé ẹnu, síbẹ̀ iná náà a máa ṣẹ́jú.

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe sí i. Àwọn kan a pe rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, kí ó gé wáyà rẹ̀, ọkàn wọn a sì balẹ̀. Àwọn mìíràn a gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn ọkọ̀, wọn a máa bù ú sí i ní àràárọ̀ bí ẹni ń pọn omi sí àmù. Ti ìṣáájú burú ju ti ìkẹyìn lọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni ó lè gba ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni iná náà ń sọ tàbí irọ́, kí a tó ná kọ́bọ̀ kan lé e lórí.

Àwọn tí ó ti dàgbà yóò rántí Volkswagen kékeré tí a ń pè ní ìjàpá, èyí tí wọ́n tò ní Èkó láti ọdún 1975. Kò ní rédíétọ̀, kò sì sí ẹni tí ń bu omi sí ẹ́ńjìnì rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Golf tí ó rọ́pò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni ó ń lò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ ti ń lò ó lónìí. Epo tí ń jó nínú ẹ́ńjìnì lè gbóná ju 2,000°C lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni alumíníọ̀mù, tí a fi ṣe orí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó yọ́ ni omi tí pọ́ǹpù ń lé yí ẹ́ńjìnì ká, tí ó ń gba ooru ara rẹ̀, tí ó sì ń gbé e lọ sí rédíétọ̀ kí atẹ́gùn lè tù ú. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ déédéé, omi náà yóò gbóná tó nǹkan bí 90°C.

Omi inú ìkòkò ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kò ṣí sílẹ̀ bí inú ìkòkò. Ìdérí tánkì omi ní sípíríǹgì tí ń sé oru mọ́ inú, agbára tí a sé mọ́lé yìí ni kì í sì í jẹ́ kí omi náà hó títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí 120°C. Ìdí nìyí tí ìdérí tí ó ti gbó fi lè jẹ́ kí omi máa sọnù láìsí ihò kankan lára ọkọ̀. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Bí ìdérí bá ti kúrò, gbogbo omi náà yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí ojú àti àyà ẹni tí ó tẹ̀ba lé e. Àkísà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fi ń bo ọwọ́ kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ kùtùkùtù, kí a tó tan ọkọ̀, ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ wà ní ibi tí ó tẹ́jú. Tánkì kékeré tí ó fún omi láàyè láti wú, tí ó sábà jẹ́ ike funfun, ní ìlà méjì lára: omi kò gbọdọ̀ kọjá ti òkè, kò sì gbọdọ̀ lọ sí abẹ́ ti ìsàlẹ̀. Bí ike náà bá ti pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí inú rẹ̀ mọ́, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Kí a fi tépù sàmì sí ibi tí omi wà, kí a sì kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn sínú ìwé. Bí a bá ṣe èyí fún ọjọ́ márùn-ún, a ó mọ ohun tí mẹkáníìkì kò lè mọ̀ nínú wíwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, èyíinì ni bóyá omi náà ń dínkù ní tòótọ́, àti iye tí ó ń dínkù láàárín ìrìn tí a mọ̀.

Kí a kíyè sí àkókò tí iná náà ń tàn pẹ̀lú. Bí ó bá ń tàn ní àárọ̀ tí ó sì ń kú nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, omi ti dínkù díẹ̀. Ooru ni ó ń mú un wú títí yóò fi tún bo ohun tí ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tàbí tí ó ń yí kọ́nà ni ó ń tàn, omi wà ní etí ààlà. Bí ó bá sì jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá gbọ̀n jìgìjìgì nínú kòtò, tí omi sì pé, ẹnu wáyà ni kí a fura sí.

Nínú Golf àti àwọn ọkọ̀ mìíràn bẹ́ẹ̀, iná kan náà ni ó ń sọ ti omi tí ó dínkù àti ti ooru tí ó pọ̀ jù. Bí ó bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì pa ẹ́ńjìnì. Kí ó má ṣe wí pé gééjì ooru ṣì wà ní àárín. Bí omi bá ti lọ tán, ohun tí ń wọn ooru kò sí nínú omi mọ́. Nítorí náà gééjì lè dúró ní àárín, ó tilẹ̀ lè lọ sílẹ̀, nígbà tí orí ẹ́ńjìnì ń wọ́. Èyí ni ó ń pa ẹ́ńjìnì awakọ̀ tí ó gbójú lé gééjì nìkan. Nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná náà yóò kọ́kọ́ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, èyí kì í ṣe àìsàn. Kàkà bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí bá yí kọ́kọ́rọ́ tí kò rí i kí ó tàn rárá, kí ó béèrè ẹni tí ó gé wáyà rẹ̀ àti ohun tí ó fẹ́ fi pamọ́.

Bí omi bá pé láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún tí iná sì ń tàn, irọ́ ni ó ń pa. Ohun tí ń ṣọ́ omi nínú tánkì, tí àwọn rìwáyà ń pè ní sẹ́ńsọ̀, oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ike kékeré tí ó léfòó lórí omi, tí ó ní òòfà nínú. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ike náà yóò bá a lọ, òòfà rẹ̀ yóò sì mú kí iná tàn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, omi lè wọ inú rẹ̀ kí ó rì, tàbí kí ìdọ̀tí há a mọ́ ojú kan. Èkejì, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Golf, jẹ́ irin méjì tí ó dúró nínú omi. Iná mànàmáná díẹ̀ ń gba inú omi kọjá láti ara irin kan dé ara èkejì. Bí omi bá fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀nà já, iná pupa sì tàn. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ a máa bo irin wọ̀nyí bí wọ́n ti ń bo ìdí àmù. A lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ wọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti rọ irin náà mọ́ ara tánkì, ó sàn kí a pààrọ̀ tánkì. Ohun kan wà tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: omi òjò tí ó mọ́ gaara kì í gbé iná mànàmáná dáadáa, nítorí náà tánkì tí ó kún fún un lè mú kí iná tàn bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀ rárá.

Kí a tó ra sẹ́ńsọ̀ tuntun, kí a yọ ẹnu wáyà rẹ̀ wò. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé bíi ti bàbà tí ó dógùn-ún, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà má ju ibẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí àmì ara tánkì bá fi hàn pé omi ń dínkù, olóòótọ́ ni iná náà. Kí a tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀ ní alẹ́. Ibi tí páálí bá ti tutù yóò tọ́ka sí ibi tí ó ń jò. Bí páálí bá gbẹ, ọ̀ràn kò tíì parí, nítorí pé omi tí ń jò díẹ̀díẹ̀ sára ẹ́ńjìnì gbígbóná yóò ti gbẹ kí ó tó kán sílẹ̀. Àpá rẹ̀ ni a ó wá: ó lè funfun bí ẹfun, ó sì lè ní àwọ̀ kúláǹtì tí a bù sí i. Kí a wo ẹnu àwọn rọ́bà níbi tí kíliìpù ti dì wọ́n, kí a wo ara rédíétọ̀ àti ojú ibi tí a ti lẹ tánkì pọ̀. Pọ́ǹpù omi ní ihò kékeré kan ní abẹ́, tí a mọ̀ọ́mọ̀ lu kí omi lè gba ibẹ̀ jáde nígbà tí ohun tí ó sé e nínú bá ti jẹ. Bí omi bá ń yọ níbẹ̀, kí a má ṣe dí i. Pọ́ǹpù ni kí a pààrọ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì iwájú nínú ọkọ̀ bá ń tutù tí dígí sì ń ṣú, rédíétọ̀ kékeré tí ń mú inú ọkọ̀ móoru ni ó ń jò. Tòkunbọ̀ gbé e wá láti ìlú òtútù; níhìn-ín, ìyọnu lásán ni.

Mẹkáníìkì tí ó ní pọ́ǹpù àyẹ̀wò yóò dè é mọ́ ẹnu tánkì nígbà tí ọkọ̀ tutù, yóò fún afẹ́fẹ́ sí i dé ìwọ̀n tí a kọ sára ìdérí, yóò sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Bí ọwọ́ gééjì bá lọ sílẹ̀, ó ń jò. Àyẹ̀wò yìí ni kí olówó ọkọ̀ béèrè fún kí ó tó gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Èyí tí ó ń náni lówó jù ni kí omi máa sọnù sínú ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá jó, omi lè wọ ibi tí epo ti ń jó, tàbí kí ó dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, ọ́ìlì tí ó dà bí tíì oní-mílíìkì, omi tánkì tí ń hó kùtùkùtù láìtíì gbóná: bí a bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí, kí ọkọ̀ náà má rìn mọ́ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Èéfín funfun díẹ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́ kò jámọ́ nǹkan.

Àwọn kan a máa da ẹyin tútù tàbí ata gígún sínú rédíétọ̀ kí ó lè dí ihò. Ó lè dí i fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ihò tí ń jò àti ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà tutù. Yóò dí méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí àtúnṣe bá parí, kí a má ṣe bu omi kànga sí i mọ́, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnì bí èépá ti ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Kúláǹtì tí a pò ní ìdajì mọ́ omi tí ó mọ́ ni ó dára. Kì í ṣe ti ìlú òtútù nìkan: ó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó hó. Ṣùgbọ́n májèlé ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu, nítorí náà ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé lè mu ún láìfura, kíndìnrín wọn yóò sì bàjẹ́. Kí a má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò mínírà, kí a má sì jẹ́ kí èyí tí a tú jáde dágún sílẹ̀ ní àgbàlá. Ọmọ tí ó bá tọ́ ọ wò, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá, kí a sì mú ike kúláǹtì náà dání kí dókítà lè rí ohun tí a kọ sí i lára.