Kí Katakata Tó Dé

Láti oṣù Keje ọdún 2025 tí àjọ UNESCO ti kọ àwọn òkúta Carnac ní ilẹ̀ Faransé mọ́ ogún àjùmọ̀ní aráyé, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n gbádùn ìròyìn ọ̀hún: ṣé kì í ṣe ìlú yìí náà ni wọ́n ti hú òkúta àtayébáyé dànù ní 2023 torí ilé ìtajà? Òun náà ni. Wọ́n ní òkúta 39 ló bá iṣẹ́ náà lọ, kò sí èyí tó ga ju mítà kan lọ nínú wọn. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó àṣà fún ìjọba Faransé ní ẹkùn Bretagne fèsì nígbà náà pé kò tíì hàn pé ibi tó níye lórí ni wọ́n bà jẹ́.

Inú ọ́fíìsì yẹn ni SRA wà, ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ti ẹkùn. Orúkọ yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Paris ni wọ́n ń ṣe: aṣojú tí ìjọba rán síbẹ̀, ìyẹn préfet, lòfin fi àṣẹ wọn sí lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé ìkòkò fífọ́ ni wọ́n jókòó tì. Ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ló gba ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní máàpù tí wọ́n ti sàmì sí ibi tí wọ́n fura sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, ìwé rẹ̀ á gba orí tábìlì wọn kọjá. Láàárín oṣù kan, tàbí méjì bí iṣẹ́ náà bá gba àyẹ̀wò àyíká, wọ́n á sọ bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò.

Ẹ gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì inú fíìmù. Katakata náà ni wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò, èyí tí ẹnu rẹ̀ kò ní eyín. Á máa họ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, títí yóò fi kan ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà. Awalẹ̀pìtàn kan á dúró tì í, ojú rẹ̀ ò ní kúrò nílẹ̀. Àwọ̀ ló ń wò. Níbi tí òpó ilé ti jẹrà láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, erùpẹ̀ á dúdú roboto bí ìdí ìkòkò. Bó bá ti rí i, á nawọ́. Ẹ̀rọ á dúró.

Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, SRA lè pàṣẹ pé kí wọ́n wà á dáadáa, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ni yóò sì sanwó. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Ìwalẹ̀pìtàn ìdènà ni wọ́n ń pe ètò náà, béèyàn bá sì gbọ́ ọ, á rò pé ilẹ̀ náà ti bọ́ nìyẹn. Rárá o. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá ti yàwòrán tán, tí wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n kó egungun àti àpáàdì lọ, sìmẹ́ńtì ló kàn. Àkọsílẹ̀ ló yè. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti wà, kò sẹ́ni tó lè tún un wà.

Ariwo ló bí òfin tó gbé ètò yìí kalẹ̀. Ní 1967, níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀ ilé ìtajà ńlá ní àárín Marseille, wọ́n kan èbúté àwọn Gíríìkì àtijọ́, ìjà sì dé. Apá kan yè, ó ti di ọgbà. Ọdún 2001 ni òfin tó jáde. INRAP, àjọ ìjọba tó ń walẹ̀, tẹ̀ lé e ní 2002. Nígbà tó di 2003, wọ́n ní ẹni tó ń kọ́lé lè yan ilé iṣẹ́ aládàáni láti wà á fún un. Èyí ló ń kọ mí lóminú díẹ̀, torí ẹni tó ń sanwó, kí iṣẹ́ yá kó sì pọ́ọ́kú ló ń wá. SRA nìkan ló kù tó lè ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ní Carnac, mi ò rí ewu lórí òkúta bíi 3,000 tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọgbà yí wọn ká, gbogbo ayé mọ̀ wọ́n. Èyí tó wà nínú igbó lẹ́bàá títì, tí kò ga ju orúnkún lọ, tí a kò lè tètè mọ̀ bóyá ọwọ́ èèyàn ló gbé e nàró, òun ló ń retí kí ẹnì kan ṣí fáìlì rẹ̀ kí oṣù kan tó pé.