Ṣé o mọ̀? Iye kan náà, làálàá ọ̀tọ̀

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí o bá gbọ́ nọ́ńbà fóònù, tí o dì í mú lọ́kàn títí o fi tẹ̀ ẹ́, apá iwájú ọpọlọ rẹ ń kó ipa pàtàkì nínú iṣẹ́ náà? Ohun tí a lè dì mú lọ́kàn báyìí kò sì pọ̀. Ní 2001, Nelson Cowan, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

Apá iwájú ọpọlọ yìí ni àwọn olùwádìí ń yẹ̀ wò lára àwọn tí àmì fi hàn pé wọ́n lè ní àrùn ọpọlọ tó ń múni gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Onítọ̀hún á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ MRI, lẹ́tà á máa kọjá lójú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó dé bá jọ èyí tó ti kọjá ṣáájú ẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì, kó tẹ bọ́tìnnì. (Gbìyànjú ẹ̀ nílé, kò rọrùn rárá!) Ẹ̀rọ náà á fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn sí jù nínú ọpọlọ hàn.

Àbájáde rẹ̀ kò dọ́gba. Nínú ìwádìí kan, iwájú ọpọlọ wọn kì í ṣiṣẹ́ tó. Nínú òmíràn, wọ́n gba máàkì kan náà pẹ̀lú àwọn tí ara wọn dá, àmọ́ ọpọlọ wọn ṣe làálàá jù kó tó rí i gbà. Èmi gbà pé èyí ló yẹ ká ronú lé lórí jù.

Síbẹ̀, àwòrán ọpọlọ nìkan kò lè sọ ẹni tí àrùn náà máa mú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì ní í mú láàárín ọdún mẹ́ta. Bí ọ̀dọ́ kan nílé rẹ bá ń gbọ́ ohùn, tó sì ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tètè mú un lọ rí dókítà.