Orúkọ Tí Onílé Sọ Àlejò: Láti Kaifeng Dé Libreville

Ẹni tó bá wọ ọjà Mont-Bouët ní Libreville, olú ìlú Gabon, tó sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan: Popo. Bí onílùú ṣe ń pe àwọn tó ti Benin àti Togo wá nìyẹn. Grand-Popo jẹ́ ìlú etí òkun kan ní Benin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ará ibẹ̀. Fọn wà nínú wọn, Gùn wà, Yorùbá Àjàṣẹ́ àti ti Kétu náà wà. Lójú onílé, inú igbá kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ohun tó ṣe Popo ti ṣe àwọn mìíràn rí. Ní Kaifeng, tó ti jẹ́ olú ìlú Ṣáínà láyé àwọn ọba Song, àwọn oníṣòwò Júù tẹ̀dó, wọ́n sì kọ́ sínágọ́gù wọn ní 1163. Àwọn aládùúgbò wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ Júù. Wọ́n ṣáà rí i pé tí àwọn àlejò yìí bá pa ẹran, wọ́n á kọ́kọ́ yọ iṣan itan rẹ̀ sọnù, nítorí ìtàn Jákọ́bù tó bá áńgẹ́lì jìjàkadì. Ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní ẹlẹ́sìn ayọṣan. Àwọn mìíràn pè wọ́n ní Mùsùlùmí onífìlà búlúù.

Kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọba, wọ́n yege, wọ́n di ìjòyè. Wọ́n gba orúkọ ìdílé bíi Zhao àti Li, wọ́n fẹ́ ọmọ onílùú. Díẹ̀díẹ̀ ni èdè Hébérù kú lẹ́nu wọn, títí tí rábì wọn ìkẹyìn fi papò dà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Ti Libreville yàtọ̀. Ìlú yìí gan-an, àlejò ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó: ní 1849, àwọn Faransé kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Elizia síbẹ̀, lórí ilẹ̀ àwọn Mpongwe, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Ìlú Òmìnira. Nígbà tí epo rọ̀bì dé, owó pọ̀, èèyàn ò pọ̀. Àwọn ará Benin wá ṣe olùkọ́, bíríkìlà, aránṣọ, alájàpá. Ọ̀pọ̀ wọn kò di onílùú láé. Ìwé ìgbélùú, carte de séjour, ni wọ́n fi ń gbé.

Ní oṣù Kìíní 1977, àwọn agbowójà tí Bob Denard ará Faransé ṣáájú wọn já wọ Cotonou láti gbàjọba lọ́wọ́ Mathieu Kérékou, ààrẹ Benin. Wọn ò rí i gbà. Kérékou ní ọwọ́ Omar Bongo, ààrẹ Gabon, wà nínú rẹ̀. Nígbà tó tún là á mọ́lẹ̀ níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum, ní oṣù Keje 1978, Bongo yarí: kí gbogbo ará Benin máa lọ! Ìjà ààrẹ méjì ni, orí aránṣọ àti alájàpá ló já lé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní 1995, ìjọba tún ní kí àlejò tí kò níwèé sanwó tàbí kó jáde. Àwọn tó lé ní 50,000 ló jáde.

Irú èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní oṣù Kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia lé àlejò ní Gánà, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà rọ́ wálé. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ọwọ́ tiwa náà ò mọ́.

Àwọn Júù Kaifeng gbẹ́ ìtàn wọn sára òkúta ní 1489, òkúta náà sì wà dòní. Àwọn tí wọ́n lé ní Libreville kò ní òkúta kankan. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1978 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú wọn nílé, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Cotonou, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù yín, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.